Kí Òtútù Tó Dé Ilé Yín ní Chicago

Títí di ìparí oṣù kẹsàn-án ni ojú ọjọ́ máa ń tan èèyàn jẹ níbí. Oòrùn á ràn lọ́sàn-án, ẹ ó rò pé àyè ṣì wà. Lọ́pọ̀ ọdún, ìrì ti máa ń dì sórí koríko kí oṣù kẹwàá tó parí, nígbà yẹn ẹ̀wẹ̀, àwọn tó ń tún hítà ṣe kì í ráyè gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé, pàápàá àwọn ilé bíríkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní bungalow, tí wọ́n kọ́ láàárín nǹkan bí 1910 sí 1940, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ará wa á kọ́kọ́ sáré lọ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì. Kò burú, ṣùgbọ́n omi ló ń ba ilé jẹ́ níbí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Ẹ gun òkè. Gọ́tà tó yí etí òrùlé ká á ti kún fún ewé. Nílé wa, ọkọ mi ló ń di àkàbà mú, èmi ni mò ń gùn ún, torí ẹ̀rù òkè ń bà á. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, torí ewé tó ti jẹrà níbẹ̀ dà bí ẹrẹ̀ ìdí àmù. Tí ẹ bá kó o tán, ẹ da omi sí gọ́tà náà, kí ẹ wo ibi tó ń gbà jáde nísàlẹ̀. Ó yẹ kó dà sí ibi tó tó ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 6 sí ìpìlẹ̀ ilé. Bí ìdí ògiri ló ń dà sí, yàrá abẹ́ ilé ni omi náà ń lọ. Ẹ tún kó ewé gọ́tà lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí ewé igi bá ti já bọ́ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé. Ẹ tú rọ́bà tí ẹ fi ń bomi rin koríko kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa omi rẹ̀, ẹ pa á. Ẹ wá padà síta, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà kí èyí tó kù lè ro dànù. Omi tó bá dì máa ń wú, á sì la páìpù nínú ògiri. Ìgbà tí yìnyín bá yọ́ lẹ ó tó mọ̀.

Ẹ tan hítà wò nígbà tí ẹ ò tíì nílò rẹ̀. Á rùn bí eruku tó ń jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹn ò léwu. Bí òórùn náà bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ pa á, ẹ pe oníṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ fílítà rẹ̀, ìyẹn asẹ́ tó ń gba eruku: ìwọ̀n rẹ̀ ní ínǹṣì wà létí páálí rẹ̀, bíi 16x25x1, ọfà tó wà lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú sí hítà. Àwa tí à ń dín àkàrà, tí à ń dín ata, tiwa máa ń tètè dọ̀tí.

Ẹ tún bátìrì ẹ̀rọ tó ń ké fún carbon monoxide wò. Gáàsì olóró yìí ò láwọ̀, kò lóòórùn. Láti 2007 ni òfin Illinois ti ní kí ẹ̀rọ náà wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 15 sí yàrá tí èèyàn ń sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá iná sítóòfù láti fi mú ilé gbóná, ẹ má sì gbé èédú wọlé.

Fèrèsé ò le: ẹ fi ọwọ́ tí ẹ ti rẹ sómi tọ etí rẹ̀ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kí ẹ dí ibi tí ó bá ti ń wọlé.

Èkúté náà ń wá ibi tó móoru. Ihò tó gba pẹ́ńsùlù á gba èkúté, nítorí náà ẹ fi írin tí a fi ń ha ìdí ìkòkò dí i. Àwọn àpò gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀wà tí ẹ tò sí abẹ́ ilé, ẹ dà wọ́n sínú ike tó lómọrí. Mo ti rí àpò èlùbọ́ tí wọ́n lu láti abẹ́, tí òkè rẹ̀ ṣì dúró digbí.

Ewúro àti efinrin inú ìkòkò ńkọ́? Bí òru bá ti ń sún mọ́ 50 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ẹ gbé wọn wọlé. Ẹ yí ewé wọn padà, kí ẹ fi omi fọ abẹ́ rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni kòkòrò tíntìntín ń sá pamọ́ sí. Ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ ni kí ẹ gbé wọn sí. Bí ewé bá ń já bọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má da omi lé e lórí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá.