Tí Wọ́n Bá Gé Ẹ̀dọ̀ Èèyàn Yín, Ẹ Gbọ́ Èyí Kẹ́ ẹ Tó Ra Iná Pupa

Nígbà tí wọ́n gé apá kan ẹ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Ifẹ̀, ilé mi ní Iléṣà ni mo gbé e wá. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnì kan fi gbé iná pupa wá bá mi ní ìsọ̀ mi lọ́jà Àtàkúnmọ́sà. Ó ní kí n máa tàn án sí i níkùn láràárọ̀, pé ẹ̀dọ̀ á tètè dàgbà. Mo ti ń ka owó kí n tó rántí pe dókítà.

Iná náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní 1967, dókítà ọmọ Hungary kan, Endre Mester, tan lésà tí kò lágbára, ìyẹn irú ìmọ́lẹ̀ pupa kan, sára eku tí wọ́n fá irun rẹ̀, irun náà sì tètè hù. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń dán an wò. Wọ́n gé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀dọ̀ eku, wọ́n tan lésà sí èyí tó kù, ó sì tètè dàgbà. Ṣùgbọ́n inú eku tí wọ́n là sílẹ̀ ni wọ́n ti tàn án, lórí ẹ̀dọ̀ gan-an. Tiwa wà lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, awọ, ọ̀rá àti ẹran ara sì bò ó. Díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ iná ọjà tó lè débẹ̀. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ló fa iṣẹ́ abẹ náà, ẹ má tan nǹkan kan síbẹ̀ láìgbàṣẹ dókítà.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ mọ iṣẹ́ ara rẹ̀. Apá tí wọ́n gé kò ní hù padà, èyí tó kù ló ń tóbi sí i. Ti eku ń gba bí ọjọ́ 7 sí 10, tèèyàn ń gba ọ̀sẹ̀ títí dé oṣù. Tiwa ni ká fún un lóhun tó máa fi mọ ara rẹ̀, ká má sì di ẹrù lé e.

Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni àbúrò mi, iyán ló ń bèèrè láti ọjọ́ tó délé. Mo gún un, mo bu òkèlè kékeré mẹ́rin, mo fi ẹja méjì sí i, epo ọbẹ̀ kò pọ̀. Òkèlè méjì péré ló lè jẹ, mi ò fipá mú un. Nígbà tó di alẹ́, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ni. Ẹ ṣa ẹ̀pà dáadáa: èyí tó bá bu tàbí tó korò, ẹ dà á nù, májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kò sì pa á tán.

Ìyá ọkọ mi gbé àgbo jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ wá. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mi ò sì fún àbúrò mi mu, torí ẹ̀dọ̀ kan náà ló máa sẹ́ gbogbo rẹ̀. Ọtí àti paraga, rárá. Parasitámò, iye tí dókítà bá kọ nìkan. Ẹ ka ara páálí oògùn òtútù, ó máa ń wà nínú wọn.

Kó máa rìn nínú ọgbà, àmọ́ kó má gbé ohun tó wúwo. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni tèmi fẹ́ gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Mo gbà á padà, mo ní kó jókòó bó ẹ̀gúsí.

Mo kọ nọ́ńbà awakọ̀ kan sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Tí ojú bá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú, tí ikùn bá wú, tí ibà bá dé, tí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, tó bá bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí oorun rẹ̀ bá ti pọ̀ jù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ilé ìwòsàn ni lọ́gán, ì báà jẹ́ òru.