Díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa àkùkọ mi jẹ lásán

Ẹni tó ta adìẹ fún mi ní Kétu níbí gba 3,500 fàráǹkì sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé kí oṣù tó parí, ẹyin á ti máa yí nílẹ̀. Ẹyin wo? Ìdí ni mo ń rí: ìdí pupa, ìdí tí kò ní ìyẹ́, ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́. Méjì ti kú kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù, ó ní adìẹ tòun kì í jà, pé ilé mi ni ìjà wà. Mo pa fóònù kí n má baà bú ẹni tó jù mí lọ.

N kò ní sọ̀rọ̀ ilé adìẹ kíkọ́, omi tàbí àjẹsára, ẹni tó bá ń sin adìẹ ti mọ ìyẹn. Àwọn apupa tí wọ́n ń pè ní ISA Brown ni mo rà, mo dà wọ́n pọ̀ mọ́ adìẹ ìbílẹ̀ tó ti wà nílé. Òru ni mo kó wọn wọlé, nítorí adìẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran lókùnkùn. Wọ́n jà lóòótọ́, wọ́n fẹnu sọ ara wọn lórí àti ní ogbe, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti tán. Ìyẹn ò dùn mí. Ará Nọ́wè kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1921 pé adìẹ kọ̀ọ̀kan ló mọ ẹni tí òun lè sọ àti ẹni tí òun gbọ́dọ̀ sá fún. Ìyá àgbà èyíkéyìí lágbo ilé wa ì bá ti sọ ọ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tó yọ mí lẹ́nu ni ti ìdí. Ìjà orí tán, ti ìdí ń le sí i.

Ìyá ọkọ mi ti dájọ́ tirẹ̀. "Ìyàwó, àkùkọ yìí ni. Òun ni mo rí lẹ́yìn wọn lánàá." Gbogbo agbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ti ń béèrè bóyá ọbẹ̀ ata la máa fi sè é. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi, torí ọ̀rọ̀ náà kò bá ojú mu. Bí àkùkọ bá ń gun adìẹ jù, ẹ̀yìn ni ìyẹ́ ti máa ń já àti ẹ̀yìn ọrùn tó ń fẹnu dì mú. Ẹ̀yìn àwọn tèmi dán, ọrùn wọn pé. Ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ṣí sílẹ̀.

Ohun kejì ni pé mo gbálẹ̀ ilé wọn nírọ̀lẹ́, mo rí ìgbẹ́, mo rí èèpo àgbàdo, n kò rí ìyẹ́. Ìdí adìẹ tó tó báyẹn pá, ìyẹ́ rẹ̀ dà? Ẹnìkan ń jẹ ẹ́.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe nira tó láti mú olè láàárín adìẹ? Bí mo bá wọlé, gbogbo wọn á dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ ilé kéwú tó rí aáfà. Mo wá gbé àpótí lọ sẹ́yìn páànù, mo ń yọjú láti ojú ihò. Oòrùn oṣù kẹta ń jó mi lórí. Ẹni tó bá sì kọjá, "Ẹ kú ìjókòó o!" Ṣé kí n má dáhùn ni? Mo bá dáhùn, gbogbo adìẹ á gbórí sókè, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọlọ́kadà kan tiẹ̀ dúró láti béèrè bóyá nǹkan mi sọnù. Àwọn ọmọdé wá bá mi yọjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Lójoojúmọ́ ni mo ń padà wọlé pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro, tí ẹ̀jẹ̀ tuntun sì tún wà lára ẹlòmíràn. Ọkọ mi á ní, "Àkùkọ ńkọ́?"

Ọ̀sán kan tí ọ̀nà dá ni mo rí i. Adìẹ funfun ni, jẹ́jẹ́ ilé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó ń fẹsẹ̀ tan ilẹ̀ bọ̀ títí ó fi dé ẹ̀yìn apupa kan tó ń jẹun. Ó tẹ orí, ó fa ìyẹ́ kan yọ, ó gbé e mì. Apupa yẹn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ó tún fa òmíràn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yọ ni àwọn yòókù wá rọ́ dé, torí adìẹ kì í rí ohun pupa kó mójú kúrò. Ìyẹ́ tirẹ̀ pé pérépéré, kò já níbì kankan. Wọ́n ní adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Tiwa yìí mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìṣòro tó kù ni pé ìyá ọkọ mi ló ni adìẹ funfun. N kò sọ nǹkan kan. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó díẹ̀." Wọ́n jókòó, wọ́n rí i fúnra wọn. Wọ́n ní, "Ebi ló ń pa á."

Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ. Oúnjẹ tí wọ́n tà fún mi ní àpò, tí wọ́n ní kò kù síbì kan, èèrí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Adìẹ tó fẹ́ yé ẹyin nílò purotéènì tó bíi 16 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Èròjà kan tó ń jẹ́ methionine ló ń gbé ìyẹ́ ró. Bí kò bá tó nínú oúnjẹ, wọ́n á wá a lára ẹnìkejì. Ẹja gbígbẹ lílọ̀ ni mo fi kún un, pẹ̀lú sóyà tí mo yan àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹ má gbára lé sóyà nìkan, methionine inú rẹ̀ kò pọ̀. Owó ẹja yẹn ta mí lára!

Mo ti funfun mọ́ inú àgò níbi tí kò ti lè rí àwọn yòókù. Òun ni kí ẹ yọ: bó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó padà, ipò rẹ̀ á ti bọ́. Àwọn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nìkan ni mo yà sọ́tọ̀, mo fomi iyọ̀ wẹ egbò wọn, mo fi violet de gentiane kùn ún, omi aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń tà nílé oògùn, kí pupa má baà hàn. Aládùúgbò kan ní kí n fi ọ́ìlì mọ́tò dúdú pa á. Ẹ má dán an wò, adìẹ á fẹnu tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe, á sì gbé e mì. Òmíràn ní kí n gé ẹnu gbogbo wọn. Ẹnu adìẹ ní iṣan tó ń mọ ìrora, mo kọ̀.

Mo so tẹ̀tẹ̀ rọ̀ sókè kí wọ́n máa fò mọ́ ọn, mo da eérú mọ́ ilẹ̀ pupa ní igun kan kí wọ́n máa fi wẹ̀, mo sì fi agbada oúnjẹ kejì kún un.

Òru ni mo dá funfun padà. Ẹyin ti dé, àkùkọ ń kọ. Àwọn apupa ló wá ń lé funfun kúrò nídìí oúnjẹ báyìí, ìyá ọkọ mi sì ní wọ́n ń fìyà jẹ adìẹ òun.