Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Wo Róòmù Nígbà Tí Iṣẹ́ Àtúnṣe Bá Bò Ó

"Omi náà dà?"

Ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn nígbà tí a yọ sí gbàgede Trevi ní Róòmù, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Kò sí omi níbẹ̀ lóòótọ́. Ìsun omi tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò rẹ̀ ti gbẹ, ọgbà yí i ká, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fọ òkúta. A ti wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù, a ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ mẹ́ta, màmá sì ti sọ fún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ìbàdàn pé òun ń lọ ju owó ẹyọ sínú omi, bí àlejò ti máa ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ̀bi mi ni. N kò wádìí. Mo padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì ti gbọ́n díẹ̀ sí i. Bí ẹ̀yin náà bá ń múra àtilọ, bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wádìí ohun tí wọ́n bò kí ẹ tó sanwó

Ìlú tó ti lò ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í tún ibì kan ṣe nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìparí ọdún 2024 tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún Júbílì ń bọ̀, èyí tí ìjọ Kàtólíìkì máa ń ṣe ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Póòpù Francis yóò sì ṣí Ilẹ̀kùn Mímọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Péteru lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ẹ mọ bí ilé tó ní ìnáwó lọ́la ṣe máa ń rí: ẹnì kan ń kun ọ̀dà, ẹnì kan ń gbálẹ̀, àlejò àkọ́kọ́ sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí Róòmù ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ń fọ Trevi, irin àti aṣọ bo ìsun Odò Mẹ́rin tí Bernini, agbẹ́kùúta àtijọ́, ṣe sí gbàgede Piazza Navona, àwọn áńgẹ́lì orí afárá Sant'Angelo náà wà nínú ìbòrí.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fọ́tò tí àwọn tó ń ta ìrìn àjò fi sórí ìkànnì wọn. Wọn ò jẹ́ fi irin hàn yín. Ẹ ṣí Google Maps, ẹ tẹ orúkọ ibẹ̀, kí ẹ wá fọ́tò tí àwọn èèyàn fi síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìkànnì àwọn tó ni ibẹ̀. Trevi àti àwọn gbàgede ńlá mìíràn tún ní kámẹ́rà tó ń gbé wọn hàn tọ̀sán-tòru lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú kan péré ni yóò gbà yín, ì bá sì gbà mí lọ́wọ́ ojú tí màmá fi wò mí lọ́jọ́ náà.

Bí ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ ń lọ bá wà lábẹ́ aṣọ, ẹ wò ó bóyá ẹ lè sún ọjọ́ síwájú. Nígbà mìíràn, kò ṣeé sún. Àbúrò bàbá mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2018 tìtorí Big Ben. Irin ti bo ilé gogoro náà, ojú aago kan ṣoṣo ló yọ síta, agogo rẹ̀ sì ti dákẹ́ láti oṣù kẹjọ ọdún 2017. Ó di ọdún 2022 kí iṣẹ́ yẹn tó parí. Ta ni yóò fi físà oṣù mẹ́fà dúró dè é?

Ìgbésẹ̀ kejì: tíkẹ́ẹ̀tì

Orúkọ ẹni máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, pápá ìjà àtijọ́ Róòmù, wọ́n sì lè béèrè pásípọ́ọ̀tù lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹ̀yin tí orúkọ yín gùn bí ojú irin, ẹ fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Yúrò 18 ni tíkẹ́ẹ̀tì gbogbogbòò nígbà tí a lọ, wákàtí tí ẹ máa wọlé wà lórí rẹ̀, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ni wọ́n sì máa ń gbé e jáde. Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lẹ máa fi sanwó náà lórí ìlà. Pantheon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì, yúrò 5 ni nígbà náà. Ṣọ́ọ̀ṣì Péteru Mímọ́ kì í gbowó ìwọlé rárá, ẹni tó bá dúró ní gbàgede rẹ̀ tó ń sọ fún yín pé dandan ni kí ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ òun kí ẹ tó lè wọlé ti ń wá owó ọbẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jí ṣáájú èrò

A dé Péteru Mímọ́ nígbà tí aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ìlà ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò kò ju ogún èèyàn lọ. Nígbà tí a fi máa jáde ní aago mẹ́wàá, ìlà náà ti lọ́ yí gbàgede po bí ejò, àwọn tó wà ní ìdí rẹ̀ ò tilẹ̀ rí ẹnu ọ̀nà.

Níbẹ̀ ni oríire bá wa. Ìbòrí idẹ tí Bernini ṣe sórí pẹpẹ, tó ga tó mítà 29, ti wà nínú irin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀. Bí wúrà rẹ̀ ṣe ń kọ mànà, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wádìí ohun tí wọ́n bò, ẹ tún wádìí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ohun tó mọ́ jù nínú ìlú nìyẹn lọ́sẹ̀ náà.

Ẹ rántí pé èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ṣọ́ọ̀lù wà níta, wọ́n ń dúró de ẹni tí wọ́n bá dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó bá ti mú ìbòrùn dání láti ilé ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí wọ́n bá ti bò ó, ẹ sún mọ́ ọn

Ká padà sí Trevi. Nígbà tí ìbínú màmá rọlẹ̀ ni mo tó rí i pé àwọn èèyàn ń rìn lókè ibi tó yẹ kí omi wà. Wọ́n ti ṣe afárá onírin kan sórí àwo omi náà, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó kàn tò ni. Láti 1762 tí wọ́n ti parí ìsun yìí, etí omi ni àlejò sábà máa ń dúró wò ó. Àwa rìn gba iwájú àwọn ère náà kọjá.

Mo rí iṣan ọrùn àwọn ẹṣin náà. Mo rí ojú ibi tí irin agbẹ́kùúta ti gbẹ́ òkúta. Èérí funfun tí omi ti kọ sára rẹ̀ wà níbẹ̀, ààlà ibi tí wọ́n ti fọ̀ àti ibi tí wọn kò tíì fọ̀ sì hàn gbangba, bí ìkòkò tí ọmọ ọ̀dọ̀ fi kànìnkànìn fọ ìdajì rẹ̀ tó wá sá lọ ṣeré. Òṣìṣẹ́ kan kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Màmá dúró níwájú ọkùnrin gìrìwò tó wà láàárín, ó bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní wọ́n ní òun ni Oceanus, ẹni tó ni omi ayé.

"Olókun wọn nìyẹn," ni màmá wí. Ó wò ó títí ẹni tó wà lẹ́yìn wa fi ń wúkọ́. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fà mí lọ́wọ́ pé ká tún ìlà náà tò.

Ti owó ẹyọ ńkọ́? Wọ́n gbé àwo omi kékeré onígun mẹ́rin kan síwájú gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí a máa jù ú sí. Ó jọ ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ létí odò ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, àwọn èèyàn sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó kẹ̀yìn sí i, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ju yúrò kan gba èjìká òsì. Ó wá bi mí pé ta ló máa ń kó o. Mo ní Caritas ni, ẹgbẹ́ àánú ìjọ Kàtólíìkì, fún àwọn aláìní. Ó tún ju méjì sí i.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ fún yín pé, bí ẹ bá bá irin lára ibi tí ẹ lọ wò, ẹ má kàn yí padà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣí ọ̀nà kan fún àlejò láti wo iṣẹ́ náà. Àǹfààní tí kì í pẹ́ ni: ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún yẹn omi padà dé, afárá lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi ẹnu kíni, ẹ má fi ọwọ́ kíni

Ibi tí ìṣòro àwa Yorùbá wà rèé. Ẹni bá kí wa, a gbọ́dọ̀ dáhùn.

Ẹ̀gbẹ́ Colosseum ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ga, adúláwọ̀ bíi tiwa, fi ẹ̀rín pàdé wa. "Mama Africa! Nigeria? Osimhen!" Màmá ti dá a lóhùn kí n tó yíjú: "Ẹ ǹ lẹ́ o, ọmọ mi!" Ó na ọwọ́. Kí ó tó fà á padà, okùn aláwọ̀ mẹ́ta ti wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti lọ́ ọ, ó ti ta á ní kókó. Ó ní ẹ̀bùn ni, láti Áfíríkà sí Áfíríkà. Màmá dúpẹ́. Ọmọkùnrin náà wá sọ pé ìyàwó òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Háà! Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe fún ìyá Ìbàdàn. "Ẹ kú ewu ọmọ! Akọ ni tàbí abo?" Ó di ọwọ́ ọmọkùnrin náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní títì Róòmù, Yorùbá pọ́ńbélé: ọmọ náà á yè, á dàgbà, á sin bàbá rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ń ṣe àmín, ó fara balẹ̀ títí tó fi parí, ó wá béèrè yúrò 10. Màmá fún un ní 5. Nígbà tí a rìn síwájú, mo ní, "Màmá, gbogbo wọn ló máa ń sọ pé ìyàwó àwọn bímọ." Ó ní, "Owó ìkómọ ni mo san, n kò ra okùn."

Bí ẹ kò bá fẹ́ san owó ìkómọ, ẹ ki ọwọ́ yín bọ àpò kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ lè dá ìkíni padà, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ máa rìn lọ bí ẹ ti ń dáhùn. Bí wọ́n bá ti so ó, ẹ má pariwo, ẹ tú u, ẹ dá a padà fún un. Òdòdó tí wọ́n bá tì sọ́wọ́ obìnrin tó wà pẹ̀lú yín, ọ̀nà kan náà ni. Àwọn tó wọṣọ bí ọmọ ogun Róòmù àtijọ́ kì í sọ iye tí wọ́n máa gbà kí ẹ tó bá wọn ya fọ́tò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó gbọ́ ọ.

Àwọn tó ń ta báàgì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Aṣọ funfun ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, okùn wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí wọ́n bá ti gbúròó ọlọ́pàá, wọn á fa okùn náà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á di ẹrù kan léjìká, wọ́n ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì Gucci ayédèrú lọ́wọ́ ni ọlọ́pàá máa bá. Lábẹ́ òfin Ítálì, ẹni tó ra ayédèrú lè san owó ìtanràn tó lè dé yúrò 7,000.

N kì í bá àwọn tó máa ń bú wọn fọhùn ṣọ̀kan o. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé tí wọ́n lè fi gba iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ta agbòòrùn fún mi nígbà tí òjò dé lójijì. Ó pè é ní yúrò 10, mo ní 4, a parí rẹ̀ sí 5 bí ẹni tó wà ní Dùgbẹ̀, agbòòrùn náà sì wà nílé mi títí di òní.

Àwọn jàgùdà yàtọ̀ sí àwọn ọlọ́jà. Ìgbà tí ẹ bá gbójú sókè wo nǹkan ni iṣẹ́ tiwọn ń yá. Bọ́ọ̀sì 64 tó ń lọ sí Vatican láti Termini, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ìlú náà, lórúkọ burúkú nípa èyí. Ẹ gbé báàgì yín síwájú àyà.

Omi àti ìjókòó

Ẹ má ra omi inú ike lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìsun omi kékeré onírin tí wọ́n ń pè ní nasone tó 2,500 káàkiri ìlú náà, omi rẹ̀ tutù, ó ṣeé mu. Bí ẹ bá fi ìka dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, omi á tú jáde láti ihò kékeré tó wà lókè, ẹ ó mu ún láìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jókòó sórí àtẹ̀gùn Spanish Steps bó ti wù kó rẹ̀ yín tó. Láti 2019 ni òfin ti kà á léèwọ̀, owó ìtanràn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti yúrò 250.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: ẹ padà lọ lálẹ́

Láti ìgbà tí Trevi ti ṣí padà, èèyàn 400 ni wọ́n ń gbà láàyè létí omi lẹ́ẹ̀kan náà. Láti oṣù kejì ọdún 2026, àlejò tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù ń san yúrò 2; ẹni tó bá dúró sókè lójú títì kò san nǹkan kan. Alẹ́ ló dára jù, lẹ́yìn aago mẹ́wàá, nígbà tí àwọn èrò tó ń tẹ̀ lé àsíá amọ̀nà wọn ti lọ sùn.

Alẹ́ ni mo lọ nígbà tí mo padà síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Omi ń hó, iná fún un ní àwọ̀ búlúù, òkúta funfun nini. Mo fi fóònù pe màmá, mo yí kámẹ́rà sí i kí ó lè rí omi tó bèèrè lọ́jọ́sí. Ó wò ó díẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Wọ́n ti wó afárá yẹn, àbí?"