Gọ́tà àdúgbò wa àti fẹ́ǹsì tó jẹ tó ìdámẹ́ta owó ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní sìmẹ́ńtì ló ń gbowó jù nínú iṣẹ́ gọ́tà, kó wá bá mi. Fẹ́ǹsì ẹnìkan, kì í ṣe tiwa o, tá a wó tá a tún bá a mọ padà, òun ló jẹ tó ìdámẹ́ta gbogbo owó tá a dá. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ọwọ́ mi ni gbogbo rìsíìtì wà, kì í ṣe àgbọ́sọ.

Apá Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn la wà. Ẹni tó bá fojú rí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ò nílò àlàyé, odò kún bo afárá, ó gbé mọ́tò, àwọn tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn àgbà tiẹ̀ máa ní kékeré nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omíyalé Ògùnpa ọdún 1980, òun náà ìparí oṣù kẹjọ yẹn ló bọ́ sí. Mo mọ̀ pé lọ́dún 2014 Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n máa yá wa nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó dáa, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n dọ́là wo ló máa wá dé kọ̀rọ̀ tiwa? Àti pé tiwa kì í ṣe odò, àgbàrá ni. Gbogbo ilé tuntun tó wà lókè ló fi kọnkéré bo kọ́ńpáǹdì wọn pátá, wọ́n ní koríko máa ń fa ejò, omi ò wá ríbi wọlẹ̀ mọ́, ojú títì wa ló ń gbà, ó sì ti gbẹ́ ẹ débi pé àwọn ọlọ́kadà á já èèyàn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní ibẹ̀ làwọn bá a dé.

Bá a ṣe dáwó àti bá a ṣe wá bíríkìlà, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ibi tó ti há ni pé gọ́tà gbọ́dọ̀ ríbi já sí. Bíríkìlà wa, àgbà ọ̀jẹ̀ ni, ó mú rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara, ó rọ omi sí i, ọmọṣẹ́ ẹ̀ di ẹnu kan mú lókè, òun di ìkejì mú nísàlẹ̀, ibi tómi bá dúró sí nínú rọ́bà á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri, á fi téèpù wọ̀n ọ́n dé ilẹ̀ kó lè mọ ibi tó rẹlẹ̀. Bó ṣe ṣe é títí dé ìsàlẹ̀ nìyẹn, ló bá yíjú sí wa. "Ẹ̀yin bàbá, ibi kan ṣoṣo lomi yín lè gbà dódò, wọ́n sì ti fi fẹ́ǹsì dí i."

Ẹni tó ni fẹ́ǹsì, Èkó ló ń gbé. Ó ní ilẹ̀ òun pé, àwọn ọmọ onílẹ̀ tà á fóun tojú àgbàrá tojú àgbàrá. A lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ kó dá a lẹ́kun. Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà, a kọ ọ́. Wọ́n ní kò ní sọ́fè nínú, a fi sọ́fè sí i, wọ́n ní ọ̀gá ò sí lórí síìtì, nígbà tí ọ̀gá jókòó tán wọ́n ní lẹ́tà àkọ́kọ́ ti sọnù! Ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ, òjò ń súnmọ́lé, iyẹ̀pẹ̀ tá a já sílẹ̀ ń dín kù lọ́wọ́ àwọn tó ń jí i bù. Àwọn ará títì ìsàlẹ̀ náà wá dìde, wọ́n ní ṣe la fẹ́ kó omi wa wá bá wọn. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n tí n bá jẹ́ àwọn, nǹkan témi náà máa sọ nìyẹn.

Màmá elélùbọ́ kan ní títì ìsàlẹ̀ yẹn ló bá wa yanjú ẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ Alága tó ń bá ẹni tó ni fẹ́ǹsì sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó já ẹ lẹ́nu ọmú. Ṣé kó wá gba inú ṣọ́ọ̀bù mi ni?" Ọkùnrin náà gbà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó sọ o: fẹ́ǹsì tó fi búlọ́ọ̀kù síìsì íǹṣì mọ, ó ní náìnì íǹṣì la máa fi mọ ọ́n padà, ká sì kùn ún! A mọ ọ́n, a fi írìn sójú ibi tómi máa gbà nísàlẹ̀ ẹ̀, a kùn ún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán irú ẹ̀ wò ládùúgbò yín, kẹ́ ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ti rọ́bà olómi yẹn bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ lọ kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lẹ sílàbù mọ́ orí gọ́tà pátápátá, ẹ ní kí wọ́n fi írìn ṣe ọwọ́ sí i téèyàn á fi lè ṣí i, nítorí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, gbogbo wa dúró sójú fèrèsé, omi ń lọ sódò jẹ́jẹ́, inú mi dùn débi pé mo ṣe fídíò ẹ̀. Àwọn lánlọ́ọ̀dù tí kò tíì san tiwọn náà ń fi fídíò yẹn ṣe sítátọ́ọ̀sì, "àdúgbò wa". Wọ́n mọ ara wọn. Mo ń bọ̀ nílé wọn lọ́jọ́ Sátidé, màá mú rìsíìtì fẹ́ǹsì yẹn dání.