Tí Winifred bá wà nínú orúkọ ìdílé yín, ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀ báyìí

Winifred ni orúkọ tí wọ́n fi sàmì fún Màmá wa ní Làfíàjí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí a sin wọ́n, àbúrò mi bí Yétúndé ní Yábàá. Ó ní dandan ni kí ọmọ náà jẹ́ Winifred pẹ̀lú, kí n sì wá ìtumọ̀ rẹ̀ tí a ó kọ sára káàdì ìkómọ. Mo wo íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan péré, mo rí "ọ̀rẹ́ àlàáfíà", mo sì sáré gba Ṣómólú lọ bá àwọn atẹ̀wé. Káàdì 200! Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé orúkọ ọlọ́rúkọ ni mo túmọ̀. Inú mi bàjẹ́, torí Màmá kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí àwọn tó ni orúkọ ṣe ń pè é. Ẹni tó fẹ́ túmọ̀ Bùnmi gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá Olúbùnmi ni àbí Adébùnmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Winifred: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló yí i síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Wales, Gwenfrewi ni. Ẹ má pe gw yẹn bíi gb tiwa o, "gu" ni kẹ́ ẹ sáré pè mọ́ "wen". "Ọ̀rẹ́ àlàáfíà" tí mo rí, Winfrid ni wọ́n ń túmọ̀ níbẹ̀, orúkọ ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Òun ni Boniface tó lọ wàásù ní Jámánì ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ já orúkọ náà sí méjì. Gwen ni funfun, fún obìnrin. Gwyn ni ti ọkùnrin. Kì í ṣe funfun ọ̀dà lásán o: ó tún jẹ́ ẹni mímọ́, alábùkún. Ẹni tó bá mọ ohun tí àlà jẹ́ fún Ọbàtálá ò ní nílò àlàyé. Ẹ ó tún bá a nínú Bronwen àti Olwen, níbi tí wọ́n ti gbé g rẹ̀ mì, bí àwa náà ṣe ń gbé fáwẹ̀lì mì. Frewi ni ìwé orúkọ sábà máa ń pè ní ìlàjà.

Kẹ́ ẹ wá wádìí ẹni tó kọ́kọ́ lókìkí nínú orúkọ náà. Nǹkan bí ọdún 600 sí 700 ni Gwenfrewi gbáyé, 3 Oṣù Kọkànlá sì ni àjọ̀dún rẹ̀. Ìtàn sọ pé Caradog, ọmọ ìjòyè, fẹ́ fi agbára mú un. Ó sá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Caradog lé e bá, ó sì bẹ́ ẹ lórí. Ibi tí orí náà bọ́ sí, omi tú jáde níbẹ̀. Beuno, arákùnrin ìyá rẹ̀, gbé orí náà padà sọ́rùn, ó gbàdúrà, ọmọbìnrin náà sì dìde. Treffynnon ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ìlú náà, ìyẹn ìlú orísun omi, àwọn èèyàn sì ṣì ń lọ wẹ̀ níbi kànga náà.

Ẹ má kó gbogbo èyí sórí káàdì. "Alábùkún, ìlàjà" ni mo tún lọ tẹ̀. Ìtàn yòókù, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá gbé abọ́ omi dé. Mo ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n Màmá dá mi dúró.

"Wọ́n ní ó kú, ó tún padà wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n tẹ ìka bọ omi, wọ́n fi kan iwájú orí ọmọ náà. "Yétúndé," ni wọ́n pè é.