Bí mo ṣe jó magnesium nínú carbon dioxide, àti asídì tó fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́

Owó tí mo ná lórí iṣẹ́ yìí ṣì ń dùn mí. Láti Òmù-Àrán ni mo ti wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin torí magnesium ribbon, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń jó yòò, àti hydrochloric acid, àpò ara mi ni mo sì ti san án, torí mo fẹ́ káwọn ọmọ SS2 mi fojú ara wọn rí i pé carbon dioxide tó ń paná ò lè pa iná magnesium.

Magnesium ò ní wàhálà, ẹ ṣáà fi sándípépà ha á kó dán. Asídì lẹjọ́ wà.

Wọ́n ti fi omi là á kí n tó rà á. Mo dà á sórí òkúta mábù, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Oreke, kí gáàsì carbon dioxide lè jáde, ó hó díẹ̀, ó dákẹ́. Mo bu òmíì kún un, pàbó. Mo wá yọ òkúta kan, mo rí i tí nǹkan funfun ti bò ó, mo fi ọ̀bẹ ha á, mo dá a padà, ó tún hó, ó tún dákẹ́. Ara bá fu mí. Mo kán barium chloride sínú asídì yẹn, torí sulphuric acid ló máa ń sọ ọ́ di funfun, hydrochloric kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló funfun bí omi ògì. Sulphuric ni wọ́n tà fún mi! Tó bá kan mábù, calcium sulphate ló máa ń di, ìyẹn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ òkúta tí asídì ò fi ní ráàyè débẹ̀ mọ́. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní, "Tíṣà, asídì ṣáà ni gbogbo wọn." Ẹ gbọ́ o! Inú bí mi débi pé mo pa fóònù.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èlò búrẹ́dì ni mo ti rí baking soda rà, mo wá da sulphuric yẹn lé e dípò mábù. Sodium sulphate tó máa ń di yẹn ń yòrò ní tiẹ̀, nítorí náà gáàsì tú jáde wàà, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì kún inú jáà.

Mo ti abẹ́là bọ̀ ọ́, ó kú. Mo fi ẹ̀mú ti magnesium tó ń jó bọ̀ ọ́, ó ń ta páópáó, ó ń tàn yòò, kíláàsì pariwo! Eérú funfun ló kù, èyí ni magnesium oxide, pẹ̀lú nǹkan dúdú wínníwínní lára. Mo da sulphuric yẹn náà lé e, funfun yòrò, dúdú ò lọ. Ọmọ kan ní, "Sà, èédú nìyẹn!" Carbon ni lóòótọ́, magnesium ti já oxygen gbà lọ́wọ́ ẹ̀: 2Mg + CO2 → 2MgO + C. Orí mi wú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ní kí wọ́n fi barium chloride dán asídì wò lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má tẹjú mọ́ iná yẹn, ẹ da yanrìn gbígbẹ sísàlẹ̀ jáà kó má bàa fọ́, kẹ́ ẹ sì gbé òmíì sítòsí, torí tí magnesium bá gbiná níbòmíì, yanrìn ló ń bò ó pa, omi àti fire extinguisher carbon dioxide á kàn máa ràn án lọ́wọ́ ni.