Ìwé ìsìn 300 tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì

₦75,000 ni mo fi sọ Kábíyèsí di olóògbé. ₦75,000 mìíràn, láti inú àpò ara mi, ni mo fi tún un ṣe. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kò tíì ṣe akọ̀wé ìjọ rí.

Ìsìn ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú lójú ìjà ni, ti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní. (Kí ogun Biafra tó parí lọ́jọ́ náà ní 1970, oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣe é, òun ni bàbá mi àgbà mọ̀. Ó lọ sógun Bọ́mà, ó dé, àbúrò rẹ̀ ò bá a dé.) Kábíyèsí gbà láti wá. Pípe ọba ò le: ẹ gba ọwọ́ àwọn ìjòyè, ẹ mú obì dání, ẹ dọ̀bálẹ̀.

Ìwé ìsìn ló fojú mi rí nǹkan. Ojú ìwé kẹta ni orúkọ àwọn akọni wa, Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, tí wọ́n pa ní 1966, ló ṣíwájú. “Olóògbé” wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé kẹrin ni ti àwọn àlejò pàtàkì. Ọmọ tó ń tẹ kọ̀ǹpútà kàn fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ sísàlẹ̀ bí ẹni fa okùn ewúrẹ́, ló bá di “Olóògbé Kábíyèsí”, pẹ̀lú gbogbo oyè wọn. Mo kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ o! Orúkọ òkú nìkan ni mo ń ṣọ́, kí wọ́n má baà ṣì í kọ.

Ọ̀sán Sátidé ni mo gbé ẹ̀dà kan lọ sáàfin. Ẹmẹ̀sẹ̀ tó gbà á ò pariwo. Ó da ojú ìwé náà dé itan, ó wò mí.

“Akọ̀wé, ìgbà wo lọba wàjà?”

Òógùn bò mí nínú ọyẹ́.

Mo sáré padà sí Adó. Onítẹ̀wé ní èmi tí mo fọwọ́ sí i ni mo ni àṣìṣe, kí n sanwó kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kò sí iná. Èmi náà ni mo ra epo jẹnẹrétọ̀. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti ọmọ yẹn tó ń jẹ ẹ̀pà, tí mo ní kó máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè. Aago mọ́kànlá òru la di ẹrù.

Lọ́jọ́ kejì, tìlùtìfọn ni Kábíyèsí fi wọlé. Nígbà tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn òkú, Kábíyèsí dìde, wọn ò sì jókòó títí wọ́n fi pe àbúrò bàbá mi àgbà. Èmi ni mo kọ orúkọ yẹn síbẹ̀.

Bí n bá tún un ṣe, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni n ó kọ́kọ́ tẹ̀, ọjọ́ Ajé ni yóò sì ti dé ààfin.

Àwọn 300 àkọ́kọ́ ṣì wà nínú àpò ìrẹsì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìyàwó mi ní kí n fi dáná. Ìwé tí orúkọ ọba wà lórí rẹ̀?